Àjọpín

Ní Èbúté-Mẹ́ta, nínú ilé tí Bàbá fi sílẹ̀ fún wa,
ògiri búlọ́ọ̀kù ló la ọ̀ọ̀dẹ̀ sí méjì.
Ọdún kẹrin rèé. A ò rẹ́ ẹ, a ò kùn ún.
Ìhà tọ̀hún ti Ọlátúnbọ̀sún, ìhà ìhín tèmi.
A pín àwo, a pín àga,
a pín ìkòkò ìyá wa: ọ̀kan mú ìkòkò, èkejì mú ọmọrí.

Ráútà nìkan la ò rí pín.
Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀, ó ń ṣẹ́jú, kò mọ̀ pé à ń jà.
Wáyà aláwọ̀ búlúù gba ihò tí bíríkìlà gbàgbé
wọ ọ̀dọ̀ mi.

Lálẹ́ àná mo jókòó ti kọ̀ǹpútà,
ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò,
ìlà kan ṣoṣo ń tàn, ó ń kú, ó ń retí àṣẹ.
Kò sí àwòrán tí èèyàn ń tẹ̀.
Ohun tóo bá kọ ló máa ṣe,
bóo bá ṣì í kọ, á ní òun ò gbọ́.

Mo kọ́kọ́ dá fódà òfìfo kan.
Ẹni tó máa gbàlejò, yóò kọ́kọ́ gbálẹ̀ yàrá.
Mo wá fi nọ́ńbà pe kọ̀ǹpútà ìhà kejì ògiri,
nọ́ńbà gígùn tí ẹ̀kán-ẹ̀kán wà láàárín rẹ̀, tí eéje parí.
Mo ní: gbé fódà àjọpín yẹn wá, so ó mọ́ ibí.
Ó ní: o ò láṣẹ.

Mo fi ọ̀rọ̀ ọ̀gá ṣíwájú,
èyí tó ń sọ èèyàn di ọba lórí ẹ̀rọ ara rẹ̀.
O ò láṣẹ.
Ọba ilé ẹni, àlejò ni nílé ẹlòmíì.

Àjọpín! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.
Ọ̀rọ̀ tí a fi pín ogún náà ni wọ́n fi ń pe ohun tí a jọ ń lò.

Kí ni mo tiẹ̀ ń wá? Bébà kan.
Pláànù ilé, tí Túnbọ̀sún fi ẹ̀rọ ya àwòrán rẹ̀
kí ikán tó jẹ ẹ́ tán.
Púlọ́ńbà ń bọ̀ láàárọ̀; ó ní òun ò ní fọ́ ilẹ̀
láìmọ ibi tí omi gbà.

Mo pe Ìyìọlá, ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọdé ṣì ń gba ẹ̀yìnkùlé.
"Sáré bi bàbá ẹ, kí ni páṣíwọọ̀dù?"
Mo gbọ́ bàtà rẹ̀. Mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́
tó gùn tó ìgbà tí rélùwéè fi ń kọjá tán.
Kì í ṣe ọmọ ló dáhùn.
Ó gba ihò wáyà, bí ẹni ń bá ògiri wí:
"Orúkọ ajá wa. Má fàmì sí i."

Tanimola.
Ajá pupa tó máa ń sùn láàárín ọ̀ọ̀dẹ̀,
níbi tí ògiri dúró sí gan-an báyìí.
Mo tẹ̀ ẹ́ láìlóhùn; lẹ́tà kankan ò hàn lójú ẹ̀rọ,
bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sínú.

Kọ̀ǹpútà ò fèsì.
Bó bá ti ṣe é, ńṣe ló máa ń dákẹ́.
Mo ṣí fódà òfìfo. Ó ti kún.

Pláànù náà rèé, yíǹkì rẹ̀ ti ń ṣá:
ọ̀ọ̀dẹ̀ kan gbọọrọ, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga.
Abẹ́ ògiri wa ni omi gbà.

"Ṣó wọlé?"
"Ó wọlé."
Ìgbà yẹn ni wọ́n mú iná lọ.
Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kú; fódà mi gan, kò lọ, kò bọ̀.
Àwa méjèèjì jókòó sínú òkùnkùn,
à ń retí ẹni tó máa kọ́kọ́ dìde
lọ fa jẹnẹrétọ̀.