Aago Mẹ́ta Lára Fáìlì Kan

Ní Tartu, yìnyín ti di ojú fèrèsé pa.
Maarika jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀,
Endel, tí wọ́n sin lọ́jọ́ Ẹtì.
Fáànù inú ẹ̀rọ náà ń mí hẹlẹhẹlẹ
bí arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè.

Ọdún mẹ́fà ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.
Ọmọ kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan péré.
Bàbá ní òun ò kà á:
ó sọ ọ́ fún aládùúgbò, ó sọ ọ́ fún ajá.

Lẹ́tà náà rèé.
Má ṣí i o, Maarika, dáwọ́ dúró ná!
Ẹni tó bá kà á báyìí
ti fẹsẹ̀ tirẹ̀ pa ipasẹ̀ ẹni tó kà á kẹ́yìn rẹ́.
Ẹnu ọ̀nà ni kó o bi léèrè, má wọ yàrá.

Ó tẹ àṣẹ kúkúrú kan. Aago mẹ́ta yọjú,
gbogbo wọn ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970,
nígbà tí Endel ò tíì mọ̀ pé òun á bímọ.

Èkínní ní: ọ̀rọ̀ inú mi ò yí padà
láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ọ̀wàrà.
Èkejì ní: wọ́n kà mí gbẹ̀yìn nínú oṣù Èrèlé,
aago mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú méjìlá.

Ọkàn rẹ̀ fò sókè. Ó tún wálẹ̀.
Ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ aṣàdàkọ ni,
tó máa ń jí láago mẹ́ta lóròòru,
tó ń ka gbogbo ìwé láìsí èyí tó yé e?

Ó ku aago kẹta, olóríkunkun.
Àwọn méjì yòókù, o lè fọwọ́ kàn wọ́n
kí wọ́n bá ọ purọ́ ọjọ́.
Èyí kì í gba rìbá:
kódà irọ́ tó o ní káwọn yòókù pa,
á kọ wákàtí irọ́ náà sílẹ̀.
Yí olówó fáìlì padà, ó rí ọ. Yí orúkọ rẹ̀ padà, ó rí ọ.

Ó ní: òru yẹn kan náà,
aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún.

Kí ló yí padà, nígbà tí ọ̀rọ̀ inú ò yí?
Maarika gbójú sókè wo orúkọ fáìlì.
“Kiri” ló pè é nígbà tó fi ránṣẹ́,
lẹ́tà lásán, lédè wọn.
“Minu Maarika” ló wà níbẹ̀ báyìí.
Maarika mi.

Ẹ̀rọ aṣàdàkọ kì í sọ ọmọ lórúkọ.

Kò ṣí i. Ó dìde lọ gbé omi kaná.
Ajá tó gbọ́ irọ́ náà tẹ̀lé e.