Àwòṣe Kan fún Igba Ẹ̀rọ

Bàbá Heriberto, mo ti ṣí ìwé yín.
Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí ẹ fẹ̀yìntì ni,
afẹ́fẹ́ Punta Arenas ń gbo fèrèsé ọ́fíìsì jìgìjìgì
bí ẹni tó wá sin gbèsè.
Kọfí mi tutù kí n tó ka ojú ewé kìíní tán.

Igba ẹ̀rọ ó lé mẹ́rìnlá,
nínú ilé ìwòsàn ńlá àti àwọn kéékèèké tó wà létí òkun,
ẹ sì fọwọ́ kọ ìṣọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan:
èyí, kí wọ́n máa wo àyè inú dísìkì rẹ̀;
èyí, kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn lẹ́tà rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún;
èyí, bó bá gbóná jù, kí wọ́n pè mí.
Ọ̀rọ̀ kan náà, nígbà igba,
àṣìṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.
Ní ẹ̀rọ kejìdínláàádọ́ta, ẹ kọ ọgọ́rùn-ún
síbi tí ẹ fẹ́ kọ àádọ́rùn-ún.
Ọdún mẹ́fà ló fi ń wúkọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Mi ò bú yín.
Ìyá mi ní Puerto Natales, aṣọ iléèwé ló ń rán.
Á gé bébà lẹ́ẹ̀kan, á fi gé aṣọ fún ogójì ọmọ.
Bí ọ̀gá iléèwé bá ní kí ọrùn aṣọ yí padà,
bébà ló ń tún gé,
kì í fi abẹ́rẹ́ lé ogójì ọmọ kiri.

Nítorí náà, mo jókòó, mo dá àwòṣe kan.
Mo pe é ní Ìpìlẹ̀:
ṣé ó wà láàyè? Ṣé ó ń dáhùn? Ṣé ó ráyè mí?
Mo gbé òmíràn lé e lórí fún àwọn tó ń gba lẹ́tà,
òmíràn fún àwọn tó ń tọ́jú àwòrán egungun.
Ohun tí mo kọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn jogún rẹ̀.
Mo tẹ bọ́tìnì. Ojú ẹ̀rọ tutù minimini, àwọ̀ ewé láti òkè dé ilẹ̀.
Wọ́n ní ìka ò dọ́gba.
Mo ní, nínú òtútù yìí, ìbọ̀wọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀.

Aago mẹ́ta òru, fóònù ké.
Porvenir, ní òdìkejì omi: fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ò dáhùn mọ́.
Mo jí nọ́ọ̀sì Ermelinda. Ó gba inú yìnyín lọ, aṣọ ìsùn lábẹ́ kóòtù.
Kò sí nǹkan tó ṣe fíríìjì.
Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́ta, bákan náà.
Lọ́jọ́ kẹta, kò bínú, ó kàn mí kanlẹ̀:
“Yasna, Heriberto mọ̀.”

Mo padà sínú ìwé yín.
Ojú ewé kọkànlélọ́gọ́rin, pẹ́ńsù tó ti fẹ́ẹ̀ parẹ́:
*Porvenir. Aago mẹ́ta ni wọ́n ń pààrọ̀ jẹnẹrétọ̀.
Ní sùúrù ìṣẹ́jú méje.
Má jí Ermelinda. Orúnkún rẹ̀ ò dáa.*

Igba ẹ̀rọ lé mẹ́rìnlá, ọ̀kan péré ni mo ṣí.
Ibi tí ogún ti sọ pé méjì, mo kọ méje.
Ẹ̀rọ fi àmì kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, pé èyí yà kúrò nínú ẹbí.
Ó bèèrè ìdí.
Mo da ọ̀rọ̀ yín kọ, tòun ti orúnkún.

Lánàá, aago mẹ́ta, mi ò sùn.
Porvenir dákẹ́. Mo ń kà á:
ìṣẹ́jú kan, méjì, ọkàn mi ń sáré, mẹ́ta,
ọwọ́ mi lórí fóònù, mẹ́rin,
márùn-ún.
Ní ìkẹfà, fíríìjì náà dáhùn.
Ní òdìkejì omi, kò sẹ́ni tó tan iná.