Ìṣẹ́jú Kẹrìnlá

Ní Turku, níbi tí odò Aura ti ń di òkúta lóṣù Ṣẹ́rẹ́,
tí ọmọdé ń sáré lórí omi, tí ẹnikẹ́ni kì í pè é níṣẹ́ ìyanu,
bàbá mi yá ilé tí wọ́n ti ń hun okùn ọkọ̀ nígbà kan.
Ó so máíkì mẹ́rin rọ̀ lájà,
ó fi kúbùsù sójà dí fèrèsé,
ó tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀,
ó ní kí wọ́n máa bọ̀.

Tauno wọ́ ìlù rẹ̀ wá lórí yìnyín.
Irin ló ń kàn mọ́ ìhà ọkọ̀ lójúmọmọ,
etí òsì rẹ̀ ti lọ síbẹ̀, kò padà,
ṣùgbọ́n òòlù ti kọ́ ọ ní méje:
méjì, méjì, mẹ́ta,
kì í ṣe mẹ́rin tí gbogbo ayé ń fẹsẹ̀ gbá nílẹ̀ lálẹ́ Sátidé.
Raimo jókòó ti dùùrù oníná tó ń rùn bí eruku tó ń jó.
Aulikki, olùkọ́ ìṣirò, tí jáàsì ti bà jẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti wí,
gbé sasofóònù sẹ́nu, ó tún gbé e kúrò:
"Ìgbà wo ni orin yìí máa parí?"
Bàbá mi ní, "Nígbà tí téèpù bá tán."

Lẹ́yìn náà ni Nurettin kan ilẹ̀kùn.
Alásè ọkọ̀ ni, ará Trabzon;
yìnyín ti há wọn mọ́ èbúté fún ọjọ́ mọ́kànlá.
Ọ̀rọ̀ méjì péré ló gbọ́ nínú èdè wa: "ẹ ṣé", "ó tutù".
Ó yọ gòjé olókùn mẹ́ta látinú àpò ìyẹ̀fun,
ó dúró, ó tẹ́tí,
ó bẹ̀rẹ̀: méjì, méjì, mẹ́ta,
bí àwọn apẹja ìlú rẹ̀ ṣe ń jó,
tí èjìká ń gbọ̀n bí ẹja nínú àwọ̀n.
Tauno rẹ́rìn-ín. Èmi ò tíì dáyé,
ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn wà nínú àwo náà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa,
kí gìtá Ilkka tó ya wọlé bí ayùn.

Ìṣẹ́jú kẹrìnlá. Gbogbo wọn dákẹ́ fún gòjé.
Ìyá mi, Kerttu, gbé kọfí wọlé,
oyún mi ti pé oṣù mẹ́fà lára rẹ̀,
òtútù dì í lọ́fun,
ó húkọ́.
Ẹ̀ẹ̀kan péré.
Tauno, tí ọ̀pá ìlù rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, dá ọwọ́ dúró ná:
méjì, méjì, mẹ́ta,
àti ọ̀kan fún un.

Aulikki ní kí wọ́n tún un gbà.
Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀, ọkọ̀ afọ́yìnyín la èbúté,
Nurettin lọ, gòjé lọ, àpò ìyẹ̀fun lọ.
A ní ẹyin lohùn.
Ti ìyá mi bọ́, ó balẹ̀, kò fọ́.

Ọ̀ọ́dúnrún àwo ni wọ́n tẹ̀. Mọ́kànlélógójì ló tà.
Àwọn ontàwo ò mọ pẹpẹ tí wọn ì bá tò ó sí:
rọ́ọ̀kì ni, jáàsì ni, àbí orin ilẹ̀ òkèèrè?
Ìwé ìròyìn kan ní ó dà bí ìkòkò tó ń yí bọ̀ lórí àtẹ̀gùn.
Àwọn tó kù sùn sẹ́yìn ilé ìwẹ̀ olóoru wa,
ooru sì ká wọn kò bí ewé gbígbẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi kú.
Láti ìgbà náà, bàbá mi a gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ,
a jókòó, a gbọ́ ọ dé ìṣẹ́jú kẹtàlá,
a sì na ọwọ́, a gbé abẹ́rẹ́ sókè.
Mo rò pé orin náà ò ní ìparí ni.

Lánàá, lẹ́tà dé láti Osaka.
Ọ̀gbẹ́ni Kuwabara, tó ń ṣa àwo àtijọ́ jọ,
fẹ́ fi owó mọ́tò kan ra ẹyọ kan.
Ó fi ìrẹ̀lẹ̀ bèèrè:
ohun èlò wo ló dún ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá?
Ogún ọdún lòun ti ń wá a.
Ó ní mẹ́jọ tó yọjú láàárín méje yẹn, ọgbọ́n ńlá ni.

Mo kọ́kọ́ kọ: Kerttu. Mo pa á rẹ́.
Mo kọ: ohun èlò ìbílẹ̀ ni,
ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe.
Mo gbé àwo sórí ẹ̀rọ,
mo fi ọwọ́ mi sábẹ́ itan kó má baà nà.
Kẹtàlá kọjá.
Méjì, méjì, mẹ́ta,