Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Verdell Autry lorúkọ mi. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin.
Mo wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin kí n tó dé ilé aṣòfin yìí,
ẹ sì ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ni tèmi.
Iná aláwọ̀ ewé ti tàn. Ó dáa.

Ìbọn bàbá mi ga jù mí lọ nígbà náà.
Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù òjò.
Ní Mọ́ńdè, bàbá mi forúkọ sílẹ̀ láti dìbò.
Ní Túsìdeè, wọ́n lé e níbi iṣẹ́ gẹdú.
Ní Wẹ́sìdeè, òkúta gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa lórí oúnjẹ.
Ó ní kí àwa ọmọ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Òun alára gbé àga sí fàráńdà,
ó gbé ìbọn lé orúnkún bí ẹni gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn.

Ta ni ká pè? Ṣẹ́ríìfù?
Ohùn ṣẹ́ríìfù wà láàárín àwọn tó ń pariwo nínú ọkọ̀.
Mo mọ ohùn náà. Òun ló ń kí màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọkọ̀ mẹ́ta. Iná wọn rìn lára ògiri wa,
ó rìn díẹ̀, ó dúró.
Mo gbọ́ tí bàbá mi fa irin kan, ó ró pákà.
Kò yìn ín. Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀: kò yìn ín.
Wọ́n mọ̀ pé ó jókòó síbẹ̀ ni. Wọ́n yí ọkọ̀ padà.
Ọgọ́ta ọdún rèé, alẹ́ yẹn ṣì ni mo fi ń rọrí.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ arábìnrin tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi.
Mo rí fọ́tò ọmọ rẹ̀, irin tí wọ́n fi ń to eyín ń dán lẹ́nu rẹ̀.
N kò ní èsì fún un.
Ẹni tó bá ní òun ní, ẹ ṣọ́ra fún un.
Èmi náà sin Dewey, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.
Ìbọn ilé ni. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni.
Láti ìgbà náà ni kọ́kọ́rọ́ yìí kò ti kúrò lọ́rùn mi.
Nígbà tí aládùúgbò mi pàdánù ìyàwó rẹ̀,
èmi ni mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀: kó tìẹ wá, Lonzo,
n ó bá ọ tọ́jú wọn títí ojú rẹ yóò fi là.
Ó kó méje wá, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé wọn.
Òfin kankan kò rán mi.

Ó ti di ìyeyè. Mo rí i.

Ẹ ní ayé ti yí padà. Ó yí, lóòótọ́.
Ṣẹ́ríìfù tuntun mọ̀wé, ó sì lójú àánú,
ṣùgbọ́n ọkọ̀ méjì ló ní fún gbogbo agbègbè wa.
Lóru tí ẹnì kan já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mi,
ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì ló gbà á kó tó dé.
Mo kà á. Kí ni ǹ bá tún máa ṣe lórí àtẹ̀gùn,
lẹ́yìn tí mo ti pariwo pé ìbọn wà lọ́wọ́ mi
tí ẹsẹ̀ àjèjì náà sì ti gba oko lọ?

N kò fẹ́ràn irin náà. Ó wúwo.
Òórùn epo rẹ̀ máa ń fọ́ mi lórí.
Ẹ kọ àgádágodo sínú òfin yín, n ó fọwọ́ sí i.
Ẹ ní kí wọ́n wádìí ẹni kó tó rà, n ó fọwọ́ sí i.
Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ pé kí àga fàráńdà yẹn ṣófo.
Ta ló mọ ẹni tí yóò di ṣẹ́ríìfù lọ́la?

Ó ti pupa? Ó ku ohun kan.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá mi wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
kò lè di ife kọfí mú. Màmá mi ló bá a dì í.
Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn gan-an ni mo wá