Wáàtì Márùn-ún

Ọgọ́rùn-ún wáàtì ni ọ̀gá mi fi sílẹ̀ fún mi,
àpótí dúdú tó ga dé ìgbáròkó,
èèyàn méjì ní ń gbé e, ẹnì kan á sì ṣépè.
Mo gbé e lọ sí Ìjẹjà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
ilé ọtí Màmá Dòyìn, tábìlì mẹ́jọ, fáànù kan.
Mo yí bọ́tìnnì rẹ̀ kọjá oókan,
ife fò lórí tábìlì,
oníbàárà kan gbé àwo ẹja rẹ̀, ó bọ́ síta.
Mo dá a padà sí oókan,
ohùn rẹ̀ wá dà bí akọ màlúù tí a so mọ́ ẹsẹ̀ àga:
ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mí.

Ìdí nìyí tí mo fi gòkè lọ sí Sàpọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì,
gìtá lẹ́yìn, pẹ́dàlì méjì nínú àpò ìrẹsì:
ọ̀kan tí ń sọ ohùn di gbohùngbohùn,
ọ̀kan tí ń mú un há bí ẹni tó sunkún mọ́jú.

Láṣebìkan kò kí mi dáadáa.
Etí ọ̀tún ló kọ sí mi;
tòsì ti kú láti ìgbà tó ti ń dúró
ti ẹ̀rọ ńláńlá ní pápá Kútọ̀.
"Wáàtì mélòó lo fẹ́?"
Mo ní, "Èyí tí Màmá Dòyìn ò ní í torí ẹ̀ lé mi."

Àkọ́kọ́ ń tàn yanranyanran, iná mẹ́fà níwájú rẹ̀.
Ó ní òjò nínú, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì nínú, ó ní ihò àpáta nínú.
Àpáta! Èmi tí wọ́n bí sábẹ́ Olúmọ,
ṣé ẹ̀rọ Ṣáínà ni yóò wá kọ́ mi ní ihò àpáta?
Mo ki pẹ́dàlì mi bọ̀ ọ́, ìjà dé,
orogún nínú yàrá kan, kò sẹ́ni tó gbọ́ tẹnì kejì.

Èkejì ń jẹ bátìrì, kò ju agolo mílíìkì lọ.
Mo ta okùn tó nípọn jù,
ó gbọ̀n bí oyin inú ìgò.
Ó dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ní bálùwẹ̀.

Ẹ̀kẹta kò sí lórí tábìlì.
Ó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, àwo ẹ̀bà àná lórí rẹ̀.
Wáàtì márùn-ún péré, túùbù méjì;
ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti sọnù, wọ́n fi ìdérí ìgò dípò.
"Jẹ́ kó gbóná ná."
A dúró. Túùbù ń pọ́n díẹ̀díẹ̀
bí ẹyinjú ẹni tí a jí kí oorun rẹ̀ tó tó.

Mo ta igba.
Mo ta igbá. Mo ta ìgbà.
Ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.
Mo tẹ pẹ́dàlì tó ń há:
ó há, síbẹ̀ igbá kò di ìgbà lẹ́nu rẹ̀.
Mo tẹ gbohùngbohùn: ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀,
wọn kò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà.
Mo yí bọ́tìnnì dé márùn-ún, dé méje,
ó ń làágùn, ó ń rẹ́rìn-ín,
bẹ́ẹ̀ a ṣì ń gbọ́ ẹni tó ń ná bàtà ní ìsọ̀ kejì.

Ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta. Mo ní ogójì.
Ó yí etí òsì sí mi.
Mo san àádọ́ta, mo fi okùn gìtá tuntun lé e.

Lálẹ́, wọ́n mú iná lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.
Jẹnẹrétọ̀ kékeré Màmá Dòyìn
gbé tèmi mọ́ ti fáànù, kò wúkọ́.
Abẹ́rẹ́ ni; adìẹ Ìjẹjà ò lè gbé e mì.
(Àpótí dúdú wà nílé. Fẹhíntọlá ń sá aṣọ lé e.)
Mo ta orin tí ọ̀gá mi máa ń tà
nígbà tó bá rò pé n kò sí nílé.

Oníbàárà ẹlẹ́ja padà wọlé. Kò sọ nǹkan kan.
Ó ń yọ egungun ẹja pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
ó ń fi wọ́n lélẹ̀ létí àwo
kí wọ́n má bàa dún.