Ẹní Tí Kò Tó Àtẹ́lẹwọ́

Fọ́tò ni Ìbídàpọ̀ fi ránṣẹ́ láti ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà:
àjákù kan, kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé,
àwọ̀ rẹ̀ bí ewé kòkó tó ti pẹ́ nílẹ̀,
lẹ́tà Gíríìkì níwájú, lẹ́tà Gíríìkì lẹ́yìn.
Iyanrìn Íjíbítì ló bá wa tọ́jú rẹ̀, ó ní,
ó tó ẹgbẹ̀sán ọdún.
Ọ̀rọ̀ Olúwa ni. Ìlà méje péré ló kù,
kò sì sí ọ̀kan tó pé nínú wọn.

Mo gbé e lọ fún Yèyé Moróunmúbọ̀ tó bí mi
ní ẹ̀yìnkùlé wa l'Ógòtún,
níbi tó jókòó sí láàrin eéran lílà,
àbọ̀ funfun, àbọ̀ ti mu aró.
Mo rò pé yóò wá ìborí, pé yóò ṣe Àmín.
Ó nu ọwọ́ nù, ó gba fóònù,
ó sún un mọ́ ojú, ó tún sún un sẹ́yìn,
ó ní, "Ẹní nìyí."

Mo ní, "Yèyé, ìwé ni."
"Wò ó dáadáa. Èyí dùbúlẹ̀, èyí dúró ṣánṣán lórí rẹ̀.
Wọn ò hun ún bíi tiwa, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ra ni.
Koríko etí odò. Ẹni tó là á kò kánjú,
àfi níhìn-ín," ó fi èékánná tọ́ka,
"ibí yìí, nǹkan kan pè é. Bóyá ọmọ ń sunkún."

Ìbídàpọ̀ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé
àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi lẹ́tà tó kù wá lẹ́tà tó sọnù.
Èyí kò ya Yèyé lẹ́nu.
Lọ́dún tí ikán jẹ ilé wa,
etí ẹní kan ni a bá, kò ju ìka mẹ́ta lọ.
Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹní ìyàwó Ọmọ́bọ́ládé ni,
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ọnà méjì láàrin.
Bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Ìwé tí bàbá mi ń kà fún ìjọ,
ikán kan náà ló jẹ ẹ́. A ò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mú.
Yèyé ò mẹ́nu kàn án. Èmi náà ò mẹ́nu kàn án.

"Ta ló kọ ọ́?"
Mo ní wọn ò mọ̀.
"Ta ló la koríko?"
Mo ní kò sẹ́ni tó béèrè.

Ó dá fóònù padà, ó fa eéran kan yọ,
ó ní kí n bá òun kí i.
"Kí ta, Yèyé?"
"Ẹni tó la koríko."
Mo ní, "Ó ti kú tipẹ́."
Kò gbójú sókè.
"Ṣé ẹni tó kú kì í kú uṣẹ́ ni?"