Kó Tó Di Pé O Sanwó

Dilrukshi, fi àwọn bébà yẹn sílẹ̀ ná.
Ibùsùn mẹ́rìndínlógún ló ṣì ń dúró dè wá lókè kẹta.
Bá mi di etí aṣọ yìí mú, kí n máa bá ọ sọ̀rọ̀.
Ọdún kọkànlá mi rèé ní Beppu,
níbi tí èéfín omi gbígbóná ti ń rú jáde láti inú gọ́tà
bí ẹni pé wọ́n ń se ìlú náà fún àlejò jẹ.

Ilé-ìwé gogoro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin,
mo ti débẹ̀ rí.
Àwòrán ẹ̀rín kún ara ògiri wọn:
ẹ̀rín ọmọ Vietnam, ẹ̀rín ọmọ Nepal,
kò sí ẹyọ ẹnì kan tí àìsùn wú ojú rẹ̀.
Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà bi mí pé kí ni àfojúsùn mi.
Mo ní kí n lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni,
kí n má tún fi ọṣẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nu dígí mọ́.
Ó kọ nǹkan sílẹ̀. N kò mọ ohun tó kọ.
Iye tó dá lé mi, bí mo bá fi ránṣẹ́ sílé ní Iloilo,
ìyá mi á pààrọ̀ òrùlé,
ìyókù á ra màlúù.

Ti ọ̀gbẹ́ni Tokunaga ńkọ́, lókè ilé iṣẹ́ panápaná?
Ọ̀fẹ́ ni. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni.
Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì;
títí dòní, bó bá parí gbólóhùn kan,
á bojú wẹ̀yìn, bóyá gbogbo wa ti wọlé tán.
Òun ló kọ́ mi pé ame ni òjò,
ame náà sì ni suwíìtì,
ohùn ló yà wọ́n: òjò ń sọ̀ kalẹ̀, suwíìtì ń gòkè.
Mo fi ohùn òjò tọrọ suwíìtì lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀,
ọmọ náà sáré lọ mú agboòrùn wá fún mi.
Àmọ́ bí iná bá ti ń jó níbì kan,
fèrè ọkọ̀ panápaná á gbé ẹ̀kọ́ lọ.
Àwa méje la bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà
ó ku èmi àti Enkhtuya, ará Mongolia, tó ń fi tábìlì ṣe ìrọ̀rí.
Ohun ọ̀fẹ́ kì í ṣòro pa jẹ.

Ti etí òkun, n kò ní yìn ín fún ọ.
Yàrá wọn tútù. Ìwé wọn ti gbó,
ẹni tó lò ó ṣáájú ti dáhùn gbogbo ìbéèrè sínú rẹ̀,
ó sì gbà á ṣì.
Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀,
oṣooṣù lo sì lè máa san owó tìrẹ.
Béèrè bí wọ́n á ṣe dá a padà bí àìsàn bá dé.
Sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí o jókòó wò ó fún ọjọ́ kan;
aṣọ tí a kò gbé wọ̀ wò, ta ló mọ̀ bóyá ó gba apá?

O ní kí ló dé tí èmi kò lọ?
Màmá àgbà kan sùn sí yàrá igun yẹn nígbà òtútù.
Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀,
ọ̀rọ̀ gígùn, kò dúró mí.
Mo ń sọ pé hai. Mo tún sọ pé hai.
Bí ẹni ń kan ìṣó mọ́ ojú omi.
Ó tẹrí ba fún mi, ó dúpẹ́, ó lọ.
Títí di òní, n kò mọ ohun tí mo gbà láti ṣe fún un.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù ni bọ́ọ̀sì etí òkun máa ń kọjá.
Fà á le dáadáa.
Apá ọ̀dọ̀ rẹ ṣì hunjọ.